Ilé wa ti ń là, onílé ò dáhùn: ṣé ìjọba lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ayálégbé Tákìé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété nílé lóko. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, kò jìnnà sí Tákìé. Bàbá tó kọ́ ọ ti di olóògbé. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, àwọn kan ti kọjá sí òkè òkun. Ọkùnrin kan ló ń bá wọn gba owó ilé. Tó bá ti gbowó tán, a ò ní rí i mọ́ títí owó mìíràn á fi pé. Ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ ìka mi wọ inú rẹ̀. Lábẹ́ dẹ́kìn, símẹ́ńtì ń já bọ́, irin ti yọ síta, ó sì ti dípẹtà. Ṣọkawé ti kún. Bí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kànga tí à ń fà mu kọjá. A ti bẹ ọkùnrin yìí títí, "màá sọ fún wọn" ló ń sọ ṣáá.

Ẹnì kan nínú ilé kà á lórí fóònù rẹ̀ pé ní New York, ìjọba lè gba ilé lọ́wọ́ onílé tó bá pa á tì. Ṣé ìjọba Ọ̀yọ́ náà lágbára bẹ́ẹ̀? Bó bá ní in, ọ̀dọ̀ ta la ó lọ? Bí kò bá ní in, kí la lè ṣe kí ilé má wó lù wá? Ìyá àgbàlagbà kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní ibòmíràn láti lọ. Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Bíríkìlà Arówómọlé

Ẹ kú ìfaradà. Kí ọ̀rọ̀ òfin tó dé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ẹ̀mí.

Kì í ṣe gbogbo ògiri tó là ló ń wó. Èyí tó kàn là lára símẹ́ńtì òde, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ ò rí lódìkejì ògiri, ìyẹn ò le. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, tó dà gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀, tó la búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ já, tí ẹ sì ń rí i nínú àti lóde. Bí ilẹ̀kùn tó ti ń dé geere tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há, ìpìlẹ̀ ti ń rìn nìyẹn. Ti irin tó yọ yẹn tilẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ti ògiri lọ. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, wíwú rẹ̀ ló ń ti kọnkéré dànù, irin náà sì ń tín-ín-rín sí i nínú lọ́hùn-ún níbi tójú ò tó.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí: ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà sí ibi tí ògiri là dé lókè àti nísàlẹ̀, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ po símẹ́ńtì díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kọjá lórí ibi tó là náà, ẹ kọ déètì sórí òun náà. Bó bá gbẹ tán, tó sì sán lẹ́yìn náà, ilé ṣì ń rìn. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn á wúlò lọ́dọ̀ ìjọba àti ní kóòtù.

Ẹ sọ gbogbo drọ́ọ̀mù omi tó wà lókè kalẹ̀. Drọ́ọ̀mù olómi lítà 200 wúwo tó àpò símẹ́ńtì mẹ́rin, ẹ sì mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ló ń jókòó sí. Kí ẹnikẹ́ni má sùn mọ́ lábẹ́ ibi tí irin ti yọ. Tí ọkùnrin yẹn bá mú ẹnì kan wá pé kó fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, kó kun ọ̀dà sí i, ẹ má gbà. Wọ́n kàn fẹ́ fi bo ẹ̀rí ni.

Ọmọ Sábó

Ẹ gbọ́ ti bíríkìlà o. Ẹ rántí ilé tó wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó, oṣù kẹta ọdún 2019. Ilé-ìwé ọmọdé wà nínú ilé náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn sọ lẹ́yìn tó wó tán pé àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Àmì nìkan kì í gba ẹ̀mí là.

Lọ́yà Ìjẹ̀rù

Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, Ìbàdàn ni mo wà báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀rù ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí àwọn èèyàn máa ń ṣi agbára ìjọba gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé.

Òfin ilẹ̀ ti 1978, tí à ń pè ní Land Use Act, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, pé kó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Abala 28 gbà á láàyè láti gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí gbogbo ìlú bá nílò ilẹ̀ náà: fún ọ̀nà, ilé ìwòsàn, ilé-ìwé àti irú wọn. Ó tún lè gbà á bí onílẹ̀ bá rú àdéhùn tó wà nínú ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí à ń pè ní C of O. Ṣùgbọ́n pé èèyàn kàn kọ̀ láti tún ilé rẹ̀ ṣe, abala yẹn ò dárúkọ ìyẹn pé ó tó gba ilé. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ nítorí pé ìlú nílò rẹ̀, abala 29 ní kí wọ́n san owó ilé tó wà lórí rẹ̀: iye tí wọ́n máa fi kọ́ irú rẹ̀ lónìí, kí wọ́n yọ ti gbígbó tó ti gbó kúrò níbẹ̀.

Ẹ wá wo òfin gbogbogbòò Nàìjíríà ti 1999, tí à ń pè ní Constitution. Abala 44 ní ìjọba ò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìsan owó gbà-máà-bínú láìjáfara, àti pé ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n nínú abala 44 yìí kan náà, ìlà kejì, níbi lẹ́tà (f), wọ́n yọ ohun kan sọ́tọ̀: òfin tó bá gba ìjọba láàyè láti gba àkóso ohun ìní tó wà ní ipò ewu, tàbí tó lè ṣe èèyàn, ewéko tàbí ẹranko níbi. Ẹ kíyè sí i, àkóso ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé kí ìjọba sọ ọ́ di tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà. Òfin gbogbogbòò kò kọ̀ ọ́. Òfin ìpínlẹ̀ ló kù tó gbọ́dọ̀ sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Òfin ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ ọn ni ti ètò ìlú, àwọn tí gbogbo yín mọ̀ sí Town Planning. Wọ́n lè fún onílé níwèé pé kó tún ilé ṣe, wọ́n lè ti ilé pa, wọ́n sì lè wó o kí wọ́n gba owó wíwó náà lọ́wọ́ onílé. L'Ékòó, òfin ètò ìlú ti 2010 tilẹ̀ lọ síwájú: bí ilé bá wó, tí ìwádìí sì fi hàn pé àìbìkítà onílé ló fà á, ilẹ̀ náà lè di ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí agbára yẹn ń dé. Ẹ̀yìn tí ilé bá ti wó tán ni.

Ohun tó ń dùn mí nínú òfin wa nìyẹn. Agbára láti wó ilé pọ̀ níbẹ̀. Agbára láti mú owó ilé kí wọ́n fi tún ilé ṣe nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú rẹ̀, òun la ò rí tó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Brooklyn

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà ti sọ ibi tó yẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa níbí, kí wọ́n má baà fi ìròyìn orí fóònù tàn yín.

Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní 7A, òfin ọdún 1965 ni. Bí ewu bá wà nínú ilé ayálégbé, tó ti tó ọjọ́ márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ayálégbé lè pa ẹnu pọ̀ lọ sí kóòtù. Ìjọba ìlú náà lè lọ. Bí adájọ́ bá gbà pẹ̀lú wọn, ó máa yan alábòójútó. Ọ̀dọ̀ alábòójútó yìí ni owó ilé á máa lọ, òun ló máa fi tún hítà ṣe, tó máa fi tún páìpù àti òrùlé ṣe, tó sì máa jíhìn fún kóòtù. Onílé ṣì ni onílé. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá gba owó oṣù lọ́wọ́ àbúrò tó ń mutí, tó fi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ àbúrò náà, tí kò sì sọ pé òun ló lowó.

Ìkejì ni gbígbà pátápátá, owó orí ilé ló sì máa ń mú un wá jù. Ní 1976 wọ́n yí òfin ibí padà kí ìjọba lè gba ilé tó bá jẹ owó orí ọdún kan, dípò ọdún mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn onílé ń sá fi ilé sílẹ̀ lásìkò yẹn, ní Bronx, Harlem àti Brooklyn níbí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìjọba náà ò lè tún un ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ ayálégbé sọ pé onílé tuntun ò sàn ju ti àná lọ. Ní 1996 wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí ilé á fi máa ti ọwọ́ onílé bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń tún ilé ṣe, láìdúró lọ́wọ́ ìjọba. Òun náà dá wàhálà sílẹ̀, torí àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan ní Brooklyn pàdánù ilé tí owó rẹ̀ ju gbèsè tí wọ́n jẹ lọ fíìfíì.

Lóṣù karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìyá ẹni ọdún 94 kan, Geraldine Tyler, ní Minnesota. Gbèsè ọrùn rẹ̀ tó bíi dọ́là 15,000. Ìjọba ta ilé rẹ̀ ní 40,000, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sápò. Gbogbo adájọ́ náà fẹnu kò pé kò tọ́: kí ìjọba mú gbèsè rẹ̀, kó dá ìyókù padà.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá ń bẹ ìjọba Ọ̀yọ́ fún nǹkan kan, irú 7A ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹ má bèèrè èkejì.

Ará London, ọmọ Òkè-Adó

Mo fi ti ibí kún un. Òfin ilé gbígbé ti 2004 gba káńsù láàyè láti gba àkóso ilé tó bá ṣófo. Láti 2012, ó gbọ́dọ̀ ti ṣófo fún ọdún méjì, kó sì ti ń da àdúgbò láàmú. Káńsù á tún un ṣe, á fi èèyàn sínú rẹ̀, á yọ owó tó ná nínú owó ilé, ó sì lè pẹ́ tó ọdún méje lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà onílé gba ilé rẹ̀ padà. Àwọn káńsù tó ń lò ó kò pọ̀, torí wàhálà ìwé rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n pé ó wà nínú òfin, onílé mìíràn á ti tún ilé ṣe kí wọ́n tó kàn án lára.

Ọmọ Àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ fẹ́ fún ìjọba wa nírú agbára yìí? Ṣé ẹ ti gbàgbé Maroko l'Ékòó? Oṣù keje 1990 ni wọ́n lé èèyàn bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò níbẹ̀. Ilé olówó ló wà níbẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa fi "ilé yìí léwu" gba ilé, agboolé àwọn tálákà tó wà létí títì ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí ewu nínú rẹ̀. Ilé olóṣèlú tó ti là láti ọjọ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò ní rí i.

Lọ́yà Ìjẹ̀rù

Ìbẹ̀rù yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó wà nínú òfin láti dáàbò bò wá ni pé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ ọ́ ní 1991, nínú ẹjọ́ Ọ̀shọ́ àti Foreign Finance Corporation, pé ìjọba ò lè fi orúkọ ìlú gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kó wá lọ gbé e fún ẹlòmíràn fún ìlò ti ara rẹ̀. Bákan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ níwèé gẹ́gẹ́ bí abala 44 òfin ilẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ka nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn nìkan. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún láìfún un níwèé, kó sáré lọ sí kóòtù.

Nítorí ohun tí ẹ sọ yìí ni mo ṣe fara mọ́ ti Brooklyn. Bí adájọ́ bá wà láàárín, tí orúkọ onílé kò sì kúrò lórí ilé, ibi tí olè lè gbà wọlé kéré.

Bàbá Wolé-wolé

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ẹ ti sọ̀rọ̀ dé New York àti London, kò sì sí ẹni tó dárúkọ wolé-wolé! Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ẹ̀ka ìlera àyíká. Ilé tó bá léwu fún ìlera àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ṣọkawé tó ń ṣàn, kànga tó ń gba omi ìdọ̀tí, iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n máa wá wò ó, wọ́n á kọ ìwé fún onílé pé títí ọjọ́ báyìí, kó mú ewu yìí kúrò. Bó bá kọ̀, kóòtù ló kàn. Kóòtù lè bu owó ìtanràn lé e, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, kí onílé san án padà.

Ẹ̀yin ń ṣàníyàn pé onílé wà l'Ékòó. Nínú òfin ìlera tí a fi ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gba owó ilé, onílé lòfin ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn sọ fún yín pé òun kàn ń bá wọn gbowó ni. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà, kí ìwé ìjọba lọ bá a. Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà: ẹni tó ń sọ pé àwọn ọmọ onílé ò gbé fóònù, ọjọ́ tí ìwé kóòtù bá dé orúkọ tirẹ̀, ó máa bá wọn sọ̀rọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ ó ṣe kọ lẹ́tà náà nìyí. Ẹ kọ ọ́ sí olórí ẹ̀ka ìlera àyíká, kí ẹ kọ irú rẹ̀ sí Town Planning. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ sọ ibi tí ilé wà, yàrá mélòó, èèyàn mélòó, ọmọdé mélòó, àgbàlagbà mélòó. Lẹ́yìn náà ẹ kọ:

"Ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ti là, irin dẹ́kìn ti yọ, omi ṣọkawé ń ṣàn lọ sí kànga tí a ń mu. A ti sọ fún ẹni tó ń gba owó ilé lọ́jọ́ báyìí àti lọ́jọ́ báyìí. A bẹ̀ yín kí ẹ wá yẹ ilé náà wò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ fún wa."

Kí gbogbo ayálégbé fọwọ́ sí i. Lẹ́tà ẹnì kan, wọ́n lè sọ pé ìjà ló wà láàárín òun àti onílé. Ti gbogbo ilé, wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sórí ọ̀kan pẹ̀lú déètì, òun ni kẹ́ ẹ mú bọ̀ wálé. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò tíì kọ ọ́.

Lórí omi: ẹ dáwọ́ mímu ẹ̀ dúró. Àlàfo tí àwa máa ń wá láàárín ṣalánga tàbí ṣọkawé àti kànga ni mítà 30. Ẹ wá omi mìíràn fún mímu, bí kò bá sì sí, ẹ sè é kó hó dáadáa. Onígbá-méjì ò mọ ẹni tó ti sanwó ilé.

Ayálégbé Tákìé

Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ohun kan ń kọ àwọn kan nínú ilé lóminú: bí a bá fọwọ́ sí lẹ́tà, ṣé wọn ò ní lé wa jáde?

Lọ́yà Ìjẹ̀rù

Wọ́n lè fún yín níwèé, ṣùgbọ́n ìwé lásán kì í lé èèyàn jáde. Ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, ìwé oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ kóòtù. Adájọ́ nìkan ló lè ní kí ẹ jáde. Bí wọ́n bá yọ páànù lórí yín tàbí tí wọ́n fi àgádágodo ti yàrá yín, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sì pè mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù o: bí Town Planning bá rí i pé ilé náà ti kọjá àtúnṣe, wọ́n lè tì í pa, ẹ̀yin náà á sì ní láti jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìyá yẹn máa lọ báyìí, ẹ má dúró de ìgbà náà.

Ọmọ Onílé, Ìsàlẹ̀ Ọjà

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọ onílé ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tẹnu tiwa náà.

Bàbá wa fi ilé mẹ́ta sílẹ̀, ìyàwó mẹ́ta, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Àwọn kan ní ká pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn kan ní orí-ò-jorí, ìyẹn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà gbogbo yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ mú náírà kan jáde fún òrùlé, torí ẹ̀rù ń ba kálukú pé ìdí-igi mìíràn ló máa jogún páànù tí òun rà. Owó ilé náà ò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni dáadáa, ẹni tó ń gbà á ló ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wo ilé wa lóde lásìkò yẹn, ẹ ó ní ìkà ni wá. A kì í ṣe ìkà. Ìjà ló há wa mọ́ra.

Àwọn ayálégbé ló tú u. Wọn ò pe ọmọ onílé kankan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ni wọ́n lọ tààrà, lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, wọ́n gbé fọ́tò kalẹ̀ níwájú gbogbo wa. Ìyá kan nínú wọn ṣí aṣọ èjìká rẹ̀, ó fi ibi tí símẹ́ńtì ti já lù ú hàn wá, ó sì ní, "Ẹ̀yin ọmọ bàbá dáadáa, ṣé ẹ̀ ń dúró dìgbà tí mo máa kú ni?" Kò sẹ́ni tó lè gbé ojú sókè.

Ọjọ́ náà la fẹnu kò: owó ilé ọdún kan, gbogbo rẹ̀, àtúnṣe ni. A kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, ayálégbé méjì fọwọ́ sí i. Owó ń wọ àkáǹtì tí èèyàn mẹ́ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó jáde. Ẹni tó bá ra símẹ́ńtì á mú rìsíìtì wá. Ìjà ogún ò tíì parí títí di òní, ṣùgbọ́n òrùlé ò jò mọ́, dẹ́kìn sì ti ní òpó tuntun méjì lábẹ́.

Torí náà, ẹ bá mi wá ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí bàbá yẹn. Olóògbé ò kú kó má lẹ́bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó ò bá gbé fóònù yín, wọ́n á gbé ti àbúrò bàbá wọn.

Bíríkìlà Arówómọlé

Mọ̀mí ọmọ onílé, ẹ ṣeun. Òpó tí ẹ gbé sábẹ́ dẹ́kìn yẹn gan-an ni ilé Tákìé nílò kíákíá. Kí wọ́n tó rí owó àtúnṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi igi tó nípọn tì í lábẹ́, kí igi pákó pẹlẹbẹ wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà gún dẹ́kìn. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe é o. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G

Ẹ káàsán mà, ẹ káàsán sà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH náà. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń gbé ní Under G ni ẹni tó ni ín ò sí nílùú. Owó la máa ń san kí á tó wo ilé dáadáa, torí a ń sáré kí sẹ́mísítà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fi kún ìwé àdéhùn pé onílé gbọ́dọ̀ tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe láàárín ìgbà báyìí?

Lọ́yà Ìjẹ̀rù

Àbúrò, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: òrùlé, ògiri, dẹ́kìn, ṣọkawé, ti onílé ni. Bí kò bá tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá kọ̀wé sí i, ẹ lè tún un ṣe kí ẹ yọ ọ́ nínú owó tó kàn. Onílé tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìyẹn ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún yín.

Ayálégbé Tákìé

Mo padà wá. Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí lẹ́tà, a sì ti rí olórí ẹbí wọn. Ó ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ní ká mú fọ́tò wá. Ìyá àgbàlagbà ti kó lọ sí yàrá iwájú tí dẹ́kìn ò ti bàjẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ wá mú un lọ sí Ìlọrin fúngbà díẹ̀. A ti sọ drọ́ọ̀mù kalẹ̀.

Ohun tó kù nìyí: àwọn ọ̀dọ́ inú ilé ní ká dá owó ilé dúró títí wọ́n á fi ṣe é. Ṣé ó dáa?

Lọ́yà Ìjẹ̀rù

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kàn dá owó dúró, gbèsè ni kóòtù máa rí, onílé á sì di ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó lọ sí àtúnṣe, kí ẹbí wọn fọwọ́ sí i bí Mọ̀mí ṣe wí, tàbí kí ẹ bẹ kóòtù kí wọ́n pàṣẹ rẹ̀. Títí ìgbà náà, ẹ máa san án, kí ẹ máa gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ oṣù tó wà fún síbẹ̀.

Bàbá Wolé-wolé

Èmi náà fara mọ́ ti Lọ́yà. Lọ́jọ́ Ajé, mo máa bá yín lọ sí káńsù. Ẹ pàdé mi lẹ́nu géètì láago mẹ́sàn-án, kí àwọn tí à ń wá má tíì jáde fún àyẹ̀wò. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà méjì àti fọ́tò tó ní rúlà yẹn. Kí ẹnì kan dúró sílé, torí wọ́n lè ní àwọn máa tẹ̀ lé wa wá lójú ẹsẹ̀.